Yàrá Iwájú Tí Ẹ Jẹ Mí

Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, Bàbá Sìkírù,

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú gbèsè tó wà nílẹ̀. Yàrá kan lẹ jẹ mí: yàrá iwájú ilé yín, èyí tó ní fèrèsé méjì tó kọjú sí ọ̀nà, tí ẹ fi gíláàsì olódòdó sí. Kì í ṣe owó. Bí ẹ bá fi owó rán ẹnikẹ́ni sí mi, n ó dá a padà fún un, n ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Yàrá yẹn ni mo fẹ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí wọ́n ti gbá a mọ́, kí wọ́n sì ti kó bẹ́ẹ̀dì yín kúrò níbẹ̀ kí n tó dé. Gbèsè náà nìyẹn. Gbogbo ohun tí n ó sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé ni.

Ó yá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí ìyàwó yín, Ìyá Sìkírù, ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tí etí rẹ̀ kì í di. Mo kí Sìkírù àti àwọn àbúrò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà agboolé wa. Mo kí àwọn tó ti wà ní sàréè náà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere: ìyá wa, àti Ìyá Sàláwà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí a sin lọ́dún yìí. Ẹ má rò pé mo kàn dárúkọ Ìyá Sàláwà lásán. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí lẹ́tà yìí fi jáde nínú ìwé ìròyìn, tí kò wá nínú àpòòwé. Méjì ti wá nínú àpòòwé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ ò rí ìkankan. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ obì tí mo fi èkejì rán ní ẹ fún òun lómi mu, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ òun, ẹ tì í sábẹ́ tìmùtìmù, ẹ sì jókòó lé e. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kẹta síbi tí ẹnì kankan kò ti lè jókòó lé e. Bí ẹ bá ń kà á lọ́wọ́ báyìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní gáréèjì Akanran ti kà á ṣáájú yín, àwọn tó jókòó tì í ti gbọ́, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ fún oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀wé, ẹ bá mi kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin tó sì ń kó owó jọ láti ra ilé tuntun lọ́wọ́ akọ́lé-tà, ẹ sún mọ́ bí, tiyín wà níbẹ̀.

Kánò ṣì wà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Obì ni mo ṣì ń tà. Lóṣù tó kọjá, bí mo bá fi ẹ̀yìn ti ògiri lọ́sàn-án, n ó tètè kúrò níbẹ̀ bí ẹni fẹ̀yìn ti ààrò. Òjò kò tíì rọ̀ dáadáa títí di àná. Eruku ló ń rọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo ṣì máa ń se ìrẹsì ẹni méjì, n ó jẹ ìyókù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá sín, èmi náà ni mo ń kí ara mi. Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀ bí mo bá ń dìde nídìí àgbọ̀n. Ìlú oníìlú dára, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì mọ iyì ẹni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mo fẹ́ darúgbó sí. Ìdí tí mo ṣe ra ilé nìyẹn. Mi ò rà á kí n fi yangàn. Mo rà á kí n lè padà wálé lọ́dún tó ń bọ̀, kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ara mi, kí ẹni tó ń kọjá máa kí mi lédè tí ìyá mi fi bí mi. Ohun tí ẹ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù kọ́ ni ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin mọ bí a ṣe ń ṣe òwò obì, torí ẹ bá ìyá wa ṣe é díẹ̀ kí ó tó yí sí epo. Obì lè pọ́n kó dán, kí kòkòrò sì ti wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbé àgbọ̀n dé Kánò, dìláálì, ọkùnrin tó ń dúró láàárín èmi àti ẹni tó fẹ́ rà, kì í jẹ́ kí wọ́n sanwó tán. Wọn yóò tú ewé gbòdògì kúrò, wọn yóò da obì sílẹ̀, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, èmi tí mo tà á ni n ó fi òmíràn dípò. Bí mo bá sá lọ, dìláálì ni yóò dí i lápò ara rẹ̀, nítorí òun ló fi ẹnu dúró. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n dìláálì tó bá yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń jẹun lórí ẹnu irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi gba ẹnu yín gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ náà. Ìgbà obì ni mo wálé, bí mo ṣe máa ń wálé lọ́dọọdún. Ẹ mú mi lọ sí ọ̀nà tuntun tó gba ẹ̀yìn Akanran, níbi tí ọ̀rẹ́ yín, tí gbogbo ayé ń pè ní Alájì Kọ́létà, ti kọ́ ilé mẹ́rin. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé kéwú, ọ̀dà ara wọn ṣì ń rùn. Mi ò ra ilé mi lójú àlá. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lu búlọ́ọ̀kù, mo tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Mo da korobá omi sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo wo ibi tó ń ṣàn lọ. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo tì wọ́n padà. Mo ní kí wọ́n gbé àkàbà wá, mo gun òkè àjà lọ wo pákó bóyá ikán ti dé ibẹ̀. Mo béèrè ìwé ilẹ̀, mo fi han lọ́yà, mo sì lọ kí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún un kí ẹnikẹ́ni má baà yọ àdá sí mi lọ́la. Alájì ní òun kò tíì rí obìnrin tó ń ra ilé bí ẹni ń ra àgbò Iléyá. Ẹ̀yin ní kó fi mí sílẹ̀, pé obì ti bà mí lórí jẹ́. Ẹ jọ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi. Ó ti kan.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò yẹ̀ wò: òjò. Ẹni tó ń wálé nígbà obì nìkan, ìdajì ilé rẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tí obì bá pọ́n, ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀ ti gbẹ, odò ti fà sẹ́yìn, gbogbo ògiri á dúró bí ọmọ-ogun. Láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ, mi ò fi ojú kan Akanran lásìkò òjò mọ́. Ẹ̀yin mọ èyí. Ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi fúnra mi lọ.

Ní agboolé lọ́jọ́ kejì, kí n tó ka owó sílẹ̀, Alájì ní ohunkóhun tó bá sán tàbí tó bá jò láàárín ọdún kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ó dára, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ohun tó wà nínú àdéhùn, bóyá ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí òrùlé nìkan, kí àwa àti ẹlẹ́rìí sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ lẹ ti fajú ro. Ẹ ní ṣé ìwé ni mo fẹ́ gbà níṣojú yín, bí ẹni pé àjèjì lẹ jẹ́. Ẹ ní ẹ mọ ilẹ̀ yẹn bí ẹni mowó. Ẹ wá fọwọ́ lu àyà, ẹ ní bí ilé yẹn bá sán kí òjò ẹ̀ẹ̀mejì, òjò ọdún méjì, tó rọ̀ kọjá lórí rẹ̀, kí Ràbíátù wá gba yàrá iwájú yín tí ẹ fẹ́ parí, kí ẹ̀yin kó lọ gbé inú tirẹ̀. Ìyá Sàláwà ṣe àmín. Ìyàwó yín, tó ń rokà nídìí ààrò, ṣe àmín, ọmọ orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A bu obì, obì tèmi, a sì jẹun. Mo ka owó fún Alájì láìgba ìwé. Ìtìjú ọmọ ìyá ni mo fi ra ilé.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ rọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi pé ilé dúró digbí. Nígbà tí obì tún pọ́n tí mo wálé, mo rí i pé ẹ ti jẹ́ kí wọ́n kun yàrá igun ní ọ̀dà tuntun, yàrá yẹn nìkan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àní mo fi gbànja kún ọpẹ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nígbà náà pé ilẹ̀kùn yàrá yẹn ti kọ̀ láti tì lásìkò òjò, pé Alájì rán káfíńtà wá gé etí rẹ̀, pé ó ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú ibi tó sán kí ọ̀dà tó bò ó. Ẹ̀yin lẹ dúró tì wọ́n. Ọdún kan Alájì sì pé, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́dún yìí, Ìyá Sàláwà kú bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọjà sílẹ̀, mo wálé fún fídáù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi yóò tẹ ẹrọ̀fọ̀ Akanran láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo ṣe dé, mo gba ilé mi lọ láti lọ kí àwọn ayálégbé mi, Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó Tíṣà, Ìyá Bùnmi, jáde wá pàdé mi pẹ̀lú ọpẹ́. Ó ní òun kò gbé ilé onínúure bí èyí rí, pé ilé náà ń fún àwọn ní nǹkan ọbẹ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá igun. Olú ló hù síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó hù lẹ́sẹẹsẹ níbi tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ti ya kúrò lára ògiri, ó dé fìlà, ó ń wò mí. Ìyá Bùnmi ní bí òun bá ká a lónìí, á tún hù lọ́tunla, pé ó sì dùn ju ẹran lọ. Ó tilẹ̀ fẹ́ bu díẹ̀ fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ olú yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá wa á jí mi, á ní kí n lọ ká a nídìí òkìtì ìhá, ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo kúrò lára rẹ̀, tó ti ń jẹrà. Kì í hù lórí iyanrìn, kì í hù lórí amọ̀ pupa. Mo gbé ojú sókè, mo rí ibi tí ògiri ti sán láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú rẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló gbé ìhá sábẹ́ ilé mi.

Mi ò pẹ́ kí n tó gbọ́. Níbi tí a ti ń se oúnjẹ fídáù, Ìyá Ràmá, tó máa ń bá ìyá wa tẹ ẹyìn lọ́jọ́ ogbó wọn, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti di onílé lórí ẹkù. Mo ní ẹkù wo. Ó ní ẹkù tuntun ìyá mi ni, kòtò tí wọ́n ń da ẹyìn sí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, èyí tó wà lẹ́bàá odò, tí wọ́n lò títí ìyá mi fi kú. Ó ní Làmídì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún un, ó jìn dé àyà géńdé, ó fi òkúta tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo àyíká. Nígbà tí katapílà Alájì dé, ó ti gbogbo òkìtì ìhá àti èèpo èkùrọ́ ọdún gbọọrọ sínú rẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì gbá a pẹrẹsẹ. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá mi kò fẹ́ kí ebi pa mí, pé láti ọ̀run ló ti ń fi olú ránṣẹ́. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ronú pé ìgbà òjò ni ẹyìn máa ń pọ̀, ìgbà ọyẹ́ ni èmi máa ń wálé, nítorí náà ni mi ò ṣe rí ìyá mi lójú ẹkù yẹn rí. Ẹkù tí n kò mọ̀, ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ẹ ń ṣe àlùwàlá nígbà tí mo bá yín. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ fọ tòsì, kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹkù kì í ṣe sàréè. Ẹ ní katapílà wúwo ju ilé lọ, pé ẹ rò pé ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní ó dára, ọ̀rọ̀ yàrá iwájú ńkọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ níwájú oúnjẹ kì í ṣe ìbúra, pé ẹ fi mú ọ̀rọ̀ dùn ni. Ẹ wá wo apá ọ̀tún, ẹ wo apá òsì, ẹ bi mí pé ta ló gbọ́. Sàréè Ìyá Sàláwà kò tíì gbẹ, ẹ ti sá sẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé ojú sókè tí mo tó fiyè sí gíláàsì fèrèsé yín. Olódòdó ni. Irú rẹ̀ ni Alájì ṣèlérí pé òun yóò fi sí ẹ̀yìn ilé mi, tó wá fi pákó sí i, tó ní gíláàsì ti tán lọ́jà. Mo wo àjà yín, mo wo sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yín tó ń dán. Ọdún mélòó ni yàrá yẹn fi wà láìní òrùlé, tí ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀? Oṣù tí mo ra ilé ni ó parí. Mi ò béèrè ohunkóhun mọ́. Mo ti mọ ẹni tó san owó rẹ̀. Ní tèmi, mo ra ilé méjì lọ́jọ́ náà, èyí tó sán ni wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ bi mí pé ta ló gbọ́. Ìyàwó yín gbọ́. Ó bá mi dé gáréèjì lọ́jọ́ tí mo ń padà lọ, ó gbé ẹrù mi, ó sì sọ fún mi láìṣẹ́jú pé òun gbọ́ ọ, òun ṣe àmín sí i, òun yóò sì tún un sọ níwájú Lèmọ́mù àti gbogbo ẹbí. Mo bi í pé bí ẹ bá kó lọ sí ilé ọ̀hún ńkọ́, ṣé yóò bá yín lọ. Ó ní ẹ̀yin lòun fẹ́, òun kò fẹ́ olú. Nítorí náà, ẹ má ka tirẹ̀ mọ́ ẹrù tí ẹ ó kó. Èmi àti òun yóò jọ máa gbé, yóò máa sè, èmi yóò máa ra ẹran.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ fẹ́ ra ilé tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹkún mi wúlò fún yín. Ẹ má ra ilé lọ́yẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ti padà lọ wò ó lójò. Bí akọ́lé bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́la, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kun igun kan ṣoṣo nínú ilé, ẹ ha á kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn bóyá wọ́n ti gé e. Ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n gé, ilé ló ti rìn. Ẹ má bi àwọn ọkùnrin nìkan nípa ilẹ̀. Ọkùnrin yóò sọ ẹni tó ni ín fún yín. Ẹ bi àwọn ìyá arúgbó, àwọn ni yóò sọ ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe, ibi tí wọ́n ti pọn omi, ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ibi tí ṣálángá wà. Mo bi lọ́yà, mi ò bi Ìyá Ràmá. Ìlérí akọ́lé, ẹ gbà á lórí ìwé, kí ó lé ní ọdún kan, torí ìpìlẹ̀ tí kò dára kì í fi ara hàn lójò àkọ́kọ́. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì bínú pé ẹ gba ìwé níṣojú òun, ẹ jẹ́ kí ó bínú. Ìbínú ẹ̀gbọ́n kì í jò.

Ó ku ọ̀rọ̀ Alájì Kọ́létà. Ilé méjì ló ṣẹ́ kù tí kò tíì tà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lápá ọ̀tún mi, ọ̀kan lápá òsì. Kí n tó padà sí Kánò, mo ra ọ̀dà dúdú, mo sì ní kí Tíṣà bá mi fi ọwọ́ rẹ̀ tó gún régé kọ ọ́ sára ògiri mi tó kọjú sí ọ̀nà, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè kà á: ORÍ ẸKÙ NI WỌ́N KỌ́ ILÉ YÌÍ SÍ. Kò sí èébú níbẹ̀, òótọ́ ni, ògiri mi sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ Alájì yóò kà á, yóò sì bi í pé ẹkù mélòó ló wà lágbègbè náà. Láti ọjọ́ náà, mo gbọ́ pé ọkọ̀ máa ń dúró, á wò, á tún ṣí lọ. Nígbà tí mo lọ bá Alájì, ó ní ọdún kan ti pé, òun kò mọ̀ mí mọ́; ní báyìí, ó ti rán èèyàn sí mi ní Kánò nígbà méjì. Ó ní òun yóò wá fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó sán, kí n jọ̀ọ́ kí n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́. Mo ní kí wọ́n kí i fún mi. Mo ní sìmẹ́ǹtì kì í dí ẹkù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ lọ gbé ibẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìbínú lásán ni. Ìbínú ni, ṣùgbọ́n ó ní orí. Èmi tí mo wà ní Kánò, báwo ni n ó ṣe máa lé Alájì kiri? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ilé ìyàwó rẹ̀ kékeré, ẹ mọ mọ́sáláṣí tó ń kírun sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ bí ògiri ṣe ń ké, ẹ ò ní jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ ó gbá a mú, ẹ ó jẹ́ kí ó kó ìhá ìyá wa jáde, kí ó wa ilẹ̀ kan òkúta tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ́, kí ó da kọnkéré sí i, kí ó tún igun ilé yẹn mọ láti ìpìlẹ̀. Ohun tí onídùúró wà fún nìyẹn. Kò wà fún kí ó jẹ obì kí ó sì lọ.

Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde. Mo dá owó ilé tó kù padà fún wọn, Ìyá Bùnmi sì ń sunkún olú rẹ̀. Yàrá igun, mo ti fi àgádágodo tì í. Ẹ má ṣí i, ẹ má sùn síbẹ̀. Pálọ̀ àti yàrá ọ̀tún le dáadáa, mo ní kí bíríkìlà mìíràn bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀san ni mo ń wá, mi ò wá òkú. Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ máa jí lójoojúmọ́, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbá olú kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ tó ṣe àlùwàlá, kí ẹ máa rántí àyà tí ẹ lù. Bí àwọn tó ń kọjá bá bi yín pé kí ni wọ́n kọ sára ògiri, ẹ kà á fún wọn. Lọ́jọ́ tí òjò ẹ̀ẹ̀mejì bá rọ̀ kọjá lórí iṣẹ́ tuntun náà tí kò sán, n ó kó jáde nínú yàrá yín, n ó gbá a, n ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ rí i, mo ń fi àdéhùn yín san án fún yín, mi ò fi ohunkóhun lé e.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín nínú ilé náà. Kí ó má jẹ́ kí ògiri ṣe yín ní ibi. Kí ó fi ìyá wa sí alijánnà, kí ó sì fi orí ji àwa tí a ń jà lórí ẹkù rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Ìyá Ràmá, ẹ ní olú dé ọ̀dọ̀ mi.

Òjò kejì kò tíì tán, àdéhùn yín sì ṣì wà láàyè. N kò ní dúró de ìgbà obì mọ́. Mo ti san owó ọkọ̀. Mi ò fẹ́ lẹ́tà, mi ò fẹ́ ìránṣẹ́: bẹ́ẹ̀dì yín lójúde ni èsì tí n ó kà.

Èmi ni, ọmọ ìyá yín,
Ràbíátù.

Ọjọ́ Alàmísì tó ṣáájú Iléyá ni mo ń bọ̀ wá kà á.